Nọ́ńbà Inú Ọkọ̀ Dogsmaa

Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí èéfín èédú ṣì bo gbogbo òkè náà, Dogsmaa jókòó sínú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì, obìnrin inú ọkọ̀ sì kí i ní èdè Japan. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí obìnrin náà ń sọ. Àlòkù ni ọkọ̀ náà, láti Japan ni wọ́n ti gbé e wá sí ìlú wọn, Ulaanbaatar, ohùn náà sì bá a wá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ó máa ń sọ pé ìyàwó kejì òun nìyẹn, pé ohùn rẹ̀ tutù, kì í bínú, kì í sì í béèrè ibi tí òun ti ń bọ̀. Dogsmaa náà gbà á ní orogún. Tí obìnrin náà bá ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀, Dogsmaa á ní, "Orogún mi, ṣé dáadáa la jí?"

Ní báyìí kì í dá a lóhùn mọ́. Sìkírínì kékeré tó wà níwájú ọkọ̀ ló máa ń wò. Ó wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì rí i pé mọ́kànlélógún ṣì ni. Ó mí kanlẹ̀, èémí rẹ̀ sì di yìnyín lára gíláàsì. Òtútù ti lọ sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo, inú ọkọ̀ kò sì sàn ju ìta lọ, nítorí pé Dogsmaa kò tan hítà. Káàdì bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ló fi ń ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì láti inú, títí ó fi rí ihò kan tó tó abọ́ tíì. Inú ihò yẹn ló ń wò tó fi wakọ̀ dé ibi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé orí obìnrin náà ti dàrú. Háíbíríìdì ni ọkọ̀ yẹn, irú èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo, tó sì tún ní bátìrì ńlá kan tó ń bá ẹ́ńjìnnì pín iṣẹ́. Lójú sìkírínì rẹ̀ ni nọ́ńbà kan wà tó ń sọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ń rìn lórí lítà epo kan. Bí nọ́ńbà bá ga, ọkọ̀ kò mu epo púpọ̀. Bí ó bá ń wálẹ̀, ọkọ̀ ti ń di ọ̀mùtí. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nọ́ńbà yẹn ni ọkọ Dogsmaa fi ń ṣe fáàrí. Àlejò kò ní tíì mu tíì rẹ̀ tán tí á fi gbọ́ pé, "Mẹ́rìnlélógún! Ẹ gbọ́ mi? Mẹ́rìnlélógún lórí lítà kan ṣoṣo! Ẹṣin gan-an ń jẹun ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ìgbà òtútù nìkan ni kì í sọ̀rọ̀ nọ́ńbà, Dogsmaa kò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí.

Oṣù kẹsàn-án ló kú. Ó sùn, kò jí. Ní ìdílé wọn, a kì í pe orúkọ òkú, nítorí náà èmi náà kò ní í pè é. "Ẹni wa" ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pè é nígbà tó wà láyé. Àlùfáà ṣí ìwé rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó lò jáde kí ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta tó pé. Wọ́n fi ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ta ọkùnrin kan lọ́rẹ nísàlẹ̀ òkè, wọ́n fún ẹlòmíràn ní fìlà rẹ̀, wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ lọ, abọ́ tó fi ń mu tíì pàápàá kúrò nílé. Àwọn èèyàn jókòó ti Dogsmaa, wọ́n ń retí ẹkún. Ẹkún kò wá. Wọ́n ní, "Ọlọ́kàn líle ni." Kì í ṣe líle o. Ńṣe ni gbogbo inú rẹ̀ dákẹ́, bí ilé tí iná ìdáná rẹ̀ ti kú láti àná.

Ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, nítorí pé ibi iṣẹ́ jìnnà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ó rí mẹ́rìnlélógún lójú sìkírínì. Ẹni wa ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ gbogbo kìlómítà yẹn. Wọ́n ti kó aṣọ, wọ́n ti kó abọ́, kò sẹ́ni tó rántí kó nọ́ńbà.

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kọkànlá, nọ́ńbà ti di méjìlélógún. Dogsmaa wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Nadmid, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe mẹkáníìkì nísàlẹ̀ òkè.

"Nadmid, ọkọ̀ yìí ń ṣàìsàn."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Mẹ́rìnlélógún ló wà tẹ́lẹ̀. Wò ó báyìí. Àbí mi ò mọ̀ ọ́n wà ni?"

Nadmid nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ mọ̀ ọ́n wà. Bí ẹni tó gbé ẹyin sórí lẹ ṣe ń wà á, gbogbo àdúgbò ló ń fọn fèrè sí yín lẹ́yìn. Òtútù ni. Ṣé ẹ rí ọkọ̀ yìí, òṣìṣẹ́ méjì ló ní. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná bá dá yín dúró lójú títì, ẹ́ńjìnnì á sùn, bátìrì á máa báṣẹ́ lọ, epo á pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní báyìí òtútù ti mú bátìrì, kò lè gbé ẹrù mọ́. Ẹ́ńjìnnì náà ò sì lè sùn, torí ẹ tan hítà. Níbo lẹ rò pé ooru yẹn ti ń wá?"

"Lára hítà."

"Hítà ò ní ooru kankan nílé bàbá ẹ̀! Ẹ́ńjìnnì ló ń yá a. Ẹ bá fẹ́ ooru, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà lójúfò. Tó bá sì ti wà lójúfò, ó gbọ́dọ̀ mu. Bíi Màmá wa náà ni: tí wọ́n bá ti lajú báyìí, tíì ni."

"Tí mi ò bá wá tan hítà ńkọ́?"

"Ẹ ó dì gbagidi bí ẹran inú ṣẹ́ẹ̀dì yín. Tó bá dìgbà ọdún, a ó gé yín wẹ́wẹ́."

Àwàdà ni Nadmid ń ṣe. Dogsmaa kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ló pa hítà, kò sì tàn án mọ́.

Nígbà tó ti mọ ohun tó ń jẹ nọ́ńbà náà, ó gbógun tì í. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà irun àgùntàn ni Dogsmaa ti ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irun tútù, ó ń lù ú, ó ń yí i, títí á fi nípọn bí awọ. Ó bu irun níbẹ̀, ó rán aṣọ onípele mẹ́ta bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Ó fi páálí dí iwájú ọkọ̀ kí atẹ́gùn má baà fẹ́ wọlé. Èyí kì í ṣe ohun tuntun, gbogbo ará àdúgbò ló ń ṣe é. Ohun tí gbogbo ará àdúgbò kò ṣe ni kí èèyàn jókòó sínú òtútù tó lè pa ewúrẹ́, kí hítà sì wà níbẹ̀ tí kò ní àrùn kankan.

Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Nọ́ńbà náà, àdàlù ni: kìlómítà ẹni wa wà níbẹ̀, kìlómítà tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì wálẹ̀ ju ogún lọ, ti ẹni wa ló ṣì pọ̀ jù. Ọjọ́ tó bá di mọ́kàndínlógún, òun Dogsmaa ti borí rẹ̀, á sì jẹ́ pé lóòótọ́ ló ti lọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀fọ̀ ni ń kọ́ èèyàn ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń san án. Kí ó tó dé ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì á ti kú bí igi ìdáná. Á fi wọ́n tẹlẹ̀, kò ní mọ̀ pé òun tẹlẹ̀. Nígbà tí oṣù kìíní fi máa wọlé, ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti dúdú lórí. Ó wò ó, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e lórí. Kò dùn ún, kò bà á lẹ́rù. Nǹkan tí kò bá ti dunni, a kì í kà á sí àìsàn.

Nígbà mìíràn, tó bá ń jáde níbi iṣẹ́ ní agogo mẹ́rin, ojú rẹ̀ á lọ síbi ìdúró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó rántí. Ibẹ̀ ni ẹni wa máa ń wà. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi gbé e relé níbẹ̀. Dogsmaa á ṣílẹ̀kùn, ooru á kọ lù ú lójú, á fìdí kalẹ̀ sórí àga tó gbóná, á ní, "Ṣé o ti pẹ́ níbí?" Ẹni wa á ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Ojoojúmọ́ ni. Dogsmaa á sì máa yin orí rere tí ọkọ òun ní, tí kì í tètè dé, tí kì í sì í pẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá mọ sórí Dogsmaa nìkan, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Handsuren ni orúkọ màmá náà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, inú àgọ́ tirẹ̀ ló ń gbé nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú Dogsmaa. Ojoojúmọ́ ni màmá ń jáde tòun ti síbí onígi, tí á wọ́n wàrà sí táyà ọkọ̀ kí ọ̀nà Dogsmaa lè funfun, kó lè lọ ire bọ̀ ire. Wàrà náà á dì kó tó kanlẹ̀. Ní oṣù kejìlá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún rẹ̀, wọ́n fi báńdéèjì dí i, dókítà sì ní kí ó máa wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí àwọn lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ìwòsàn yẹn wà ní ìkángun ìlú lápá kejì.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n rìn díẹ̀, màmá gbé ojú kan tó kù sókè, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ọkọ̀ yìí ò ní ìfun ni? Mi ò gbúròó ooru."

"Hítà ẹ̀ ló bàjẹ́, Màmá."

"Kí Nadmid wò ó."

"Màá sọ fún un, Màmá."

Kò sọ fún un. Ọjọ́bọ̀ kejì, ó fi awọ àgùntàn méjì wé màmá, ó fi ìborùn dì í lórí, ó gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹrù. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n dúró sójú iná pupa, Dogsmaa sì bojú wẹ̀gbẹ́. Ètè màmá ti di búlúù. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sí abíyá, orí rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ṣé òtútù ń mú yín?"

"Má dààmú ara ẹ. Inú àgọ́ ni wọ́n bí mi sí, nínú oṣù kìíní." Ó bojú wolẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi nìkan ni mi ò gbúròó ẹ̀. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

Bọ́tìnnì hítà kò jìnnà sí ọwọ́ Dogsmaa. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó wo nọ́ńbà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ojú ti òun. Ó wá ìtìjú náà nínú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò rí i. Iná di àwọ̀ ewé, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Màmá kò wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ní òun kò wí nǹkan kan, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó ránṣẹ́ sí Nadmid, ó ní ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kú lọ, kí ó tètè wá kí òtútù tó pa ìyàwó.

Nadmid dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú. Rédíò ti sọ pé òtútù máa tó ogójì kí ilẹ̀ tó mọ́. Dogsmaa kò sí nílé, ó ti ti kẹ̀kẹ́ lọ pọnmi níbi tí wọ́n ti ń ta omi. Nadmid tan ọkọ̀, ó tan hítà, ooru jáde. Ó pa á, ó họ orí. Ó wá rò pé bóyá bátìrì tó ti rẹ̀ ló fà á. Kì í ṣe bátìrì ńlá o, kékeré tó wà nínú búùtù, tó ń jí ọkọ̀ láàárọ̀. Ní òkè wọn yẹn, bí òtútù bá ti fẹ́ tó ogójì, a kì í fi bátìrì sùn síta. Ó ń wọlé ni, bíi ọ̀dọ́ àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹni tó bá tú bátìrì ẹlòmíràn wọlé ti ṣe é lóore, a kì í tọrọ gááfárà kí a tó ṣe é. Nadmid bá tú u, ó gbé e wọ àgọ́ màmá, ó gbé e sórí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, òun náà sì sùn síbẹ̀ kó lè tètè dá a padà.

Dogsmaa ti omi dé, ó rí bàtà Nadmid lẹ́nu ọ̀nà màmá, ó rò pé ó wá kí ìyá rẹ̀ ni. Ó wọlé lọ sùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí Nadmid ti dá bátìrì padà, Dogsmaa jókòó sínú ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Obìnrin Japan sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń bi èèyàn léèrè nǹkan. Dogsmaa wo sìkírínì. Kò sí mọ́kànlélógún níbẹ̀. Kò sí ogún, kò sí mọ́kàndínlógún tó ń bà á lẹ́rù. Ìlà kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ó pa ọkọ̀, ó tún un tàn. Ìlà méjì. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú sìkírínì. Ìlà méjì náà ni.

Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ àgọ́ màmá láìkọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ń po wàrà mọ́ tíì. Nadmid jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, ó ń fi ọwọ́ tó kún fún gírísì jẹ búrẹ́dì.

"Nadmid, kí lo fi ọkọ̀ mi ṣe?"

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí! Ó ti jí, àbí? Lákọ̀ọ́kọ́ náà ló jí! Mo gbé bátìrì ẹ̀ wọlé sùn. Ẹ wò ó, ẹ̀gbẹ́ iná yìí ló sùn, èmi gan-an ni mo sùn sẹ́bàá ilẹ̀kùn."

"Nọ́ńbà ti lọ."

"Nọ́ńbà wo?"

"Nọ́ńbà ẹni wa. Mẹ́rìnlélógún. Mo ti ń ṣọ́ ọ. Mo gbé e dé mọ́kànlélógún, mi ò jẹ́ kó wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò tan hítà látoṣù kọkànlá." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, kò rẹlẹ̀. Bí ẹni tó ń ka iye bàtà tí wọ́n rán lọ́jọ́ kan ló ṣe ń sọ ọ́.

Màmá gbé síbí dúró. Nadmid gbé búrẹ́dì sílẹ̀.

"Hítà yẹn ò bàjẹ́," ni màmá wí jẹ́ẹ́.

"Kò bàjẹ́, Màmá."

Nadmid ló kọ́kọ́ lanu. "Àǹtí mi, ẹ dákun. Mi ò mọ̀. Àmọ́ ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Mẹ́rìnlélógún tí ẹ ń ṣọ́ yẹn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni. Ta lẹ rò pé ó ń tú bátìrì yẹn lọ́dọọdún? Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń ní kí n wá tú u. Tí mo bá ti tú u, nọ́ńbà ti di òfo nìyẹn, àá tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi wà á, kò sí nọ́ńbà tó pé ọdún kan."

"Ṣùgbọ́n mẹ́rìnlélógún…"

"Lóṣù keje! Lóṣù kìíní ńkọ́? Mọ́kànlá! Lọ́dún kan ó di mẹ́sàn-án. Ràkúnmí ni ọkọ̀ yẹn tó bá dìgbà òtútù. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá ń dúró de Àǹtí.' Wọ́n ní, 'Tí mo bá pa á, ooru á lọ.' Àǹtí, agogo mẹ́ta ni wọ́n ń dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ yín. Èmi náà ti bá wọn jókòó níbẹ̀ rí, àwa méjèèjì bọ́ ẹ̀wù, a ń làágùn."

"Agogo mẹ́rin ni mò ń jáde."

"Àbí ẹ ò rí i! Mo bi wọ́n pé kí la wá ń ṣe níbí láti agogo mẹ́ta. Wọ́n ní àga ni. Wọ́n ní inú irun tútù lọwọ́ yín ń wà látàárọ̀, pé ẹ ò gbọdọ̀ tún wá jókòó lórí àga tútù. Wọ́n ní àga yẹn kì í gbóná dénú tí ò bá lo wákàtí kan."

"Ó máa ń ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni," ni Dogsmaa wí.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín."

Màmá bu tíì sínú abọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Dogsmaa gbà á, ó mu ún. Ọ̀rọ̀ Nadmid wọ etí rẹ̀, kò tíì wọ inú. Ó dá abọ́ padà, ó ní, "Màmá, ẹ wọ ẹ̀wù yín. Ọjọ́bọ̀ lòní."

Màmá wọ́n wàrà sí táyà kí wọ́n tó wọlé. Dogsmaa jókòó, ó na ọwọ́, ó tan hítà. Ẹ́ńjìnnì gbé ohùn sókè lábẹ́ aṣọ irun onípele mẹ́ta, kò sì sùn mọ́ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà tuntun yọ lójú sìkírínì lọ́nà: méje. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó mú màmá dé ẹnu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀, màmá kò ní í tètè jáde. Dogsmaa padà sínú ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti pa. Kò pa tirẹ̀. Ó yí hítà sókè títí kò lè yí mọ́, ó yí ihò atẹ́gùn rẹ̀ méjèèjì kọjú sí àga màmá, ó sì jókòó.

Nọ́ńbà di mẹ́fà. Ó di márùn-ún. Ìṣẹ́jú ogún kọjá, ọgbọ̀n kọjá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àga náà. Lókè ó ti gbóná, ṣùgbọ́n tó bá tẹ̀ ẹ́ wọnú, tútù ṣì ni. Ogójì ìṣẹ́jú. Inú ṣì tutù díẹ̀. Nígbà náà ló mọ̀ pé òótọ́ ni ẹni wa ń sọ, pé èèyàn ò lè mọ iye àkókò tí àga yẹn ń gbà tí kò bá jókòó tì í. Ọdún mẹ́fà, gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, gbogbo ìgbà òtútù, ọkùnrin kan fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àga, ó ń wo aago.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ta á, bí ẹni tẹ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ọmọ ìka dúdú yẹn gba iná, ìrora náà gun ojúgun rẹ̀ lọ, ó sì pariwo "Yéè!" nínú ọkọ̀ lóun nìkan. Ó di sítíárìn mú. Ẹkún tí wọ́n retí ní oṣù kẹsàn-án wá dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ dídùn, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ẹni wa nínú rẹ̀. Ó sunkún pẹ̀lú imú àti ẹnu. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, nọ́ńbà di mẹ́rin.

Ó ti ju wákàtí kan lọ dáadáa kí màmá tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọ̀pá tẹ yìnyín wò kó tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Màmá wọlé, ó jókòó. Ó yọ ìbọ̀wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kan àga lábẹ́ ara rẹ̀, ó tún kàn án. Ó fi ojú rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báńdéèjì lára rẹ̀ wo ojú Dogsmaa tó ti wú.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ó ti tó ìgbà wo tí o ti wà níbí?"

Dogsmaa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó fi ọkọ̀ sí jíà.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, Màmá."